Àgádágodo Àkọ́kọ́

Ìyá Aránṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń sáré bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ti wà ní títì.

Bàbá tó ń tún bàtà ṣe nìkan ló kù, òun náà sì ti ń palẹ̀ mọ́.

"Bàbá, kí ló dé?" Ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wọ́n ní ọjà ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó mọ nǹkan ti kógbá wọlé."

Ó fi fóònù pe ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún un.

"Ẹ má gbé e wá mọ́."

Ó yíjú sí bàbá. "Ta ló kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù?"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni? Ìwọ tí òjò kì í dá dúró. Àgádágodo rẹ la rí láàárọ̀ tí ẹ̀rù fi bà wá."

Ó lanu kó ṣàlàyé.

Òwú tí wọ́n fi dí ojú eyín tó lọ yọ láàárọ̀ bọ́ sílẹ̀.