Rédíò Síbì Bàbá Àkànjí

Ọjọ́ tí Bàbá Àkànjí ṣubú sáàárín ebè ní oko rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, ọlọ́kadà ló gbé e délé ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni gbé àpò gàrí. Oyèrónkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, gbéra lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣòfin.

"Bàbá mi, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ pé ẹsẹ̀ yín kan oko, Ọ̀yọ́ lẹ máa wá gbé, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé mi."

Kò sí ohun tí Bàbá Àkànjí ń bẹ̀rù tó yàrá yẹn. Òun ló máa ń wí pé ilé ọmọ dùn ún kí, kò dùn ún gbé. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí Oyèrónkẹ́ kì í pe fóònù ìyá rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì, nítorí bàbá ní fóònù máa ń dun òun létí.

"Màámi, ẹ káàárọ̀. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní balùwẹ̀. Dúró, jẹ́ kí n gbé e dé ẹnu ọ̀nà fún wọn."

Tó bá ṣe díẹ̀, ohùn bàbá á jáde pẹ̀lú ariwo bí omi tó ń dà. Inú Oyèrónkẹ́ máa ń dùn. Àìsàn ti kọ́ bàbá lọ́gbọ́n. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ọmọ parí gbólóhùn tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó ń dákẹ́ títí èèyàn á fi sọ tirẹ̀ tán. Ó sì ti di onímọ̀tótó, bíi pé inú balùwẹ̀ ló kó lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni rédíò síbì. Bàbá Àkànjí ti wa ọkọ̀ rí fún àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì. Nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, irú rédíò yìí méjì ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Kì í ṣe èyí tí ń ka ìròyìn. Àpótí irin ni, wáyà ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sí lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó wà níbí á sọ̀rọ̀ sí i, ẹni tí èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà jíjìn á gbọ́. Ọ̀kan wà ní pálọ̀, ìyá fi aṣọ funfun bò ó. Èkejì wà nínú píkọ́ọ̀pù tó dẹnu kọlẹ̀ sí oko, ìyá sì ní eku ti fi ṣe ilé.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, Mubaraq, ti gbọ́ nípa rédíò náà. Ó ní àwọn olówó Èkó ń fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Oyèrónkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú bàbá lórí fóònù.

"Kí lẹ tún ń fi í ṣe láyé tí a wà yìí? Ta ni kò ní fóònù?"

Èsì bàbá pẹ́ kó tó dé. "Fóònù kì í dé ibi gbogbo."

"Níbo lẹ̀ ń lọ tí fóònù kì í dé? Ẹ ò kúrò nílé mọ́."

"Òótọ́ lo sọ," bàbá fèsì. "Àmọ́ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni."

Ìyá náà gbè sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó bi Oyèrónkẹ́ bóyá rédíò náà bù ú jẹ ni. Ó wá fi kún un pé bátìrì sólà wọn ti rẹ̀, kó dákun bá àwọn ra tuntun. Oyèrónkẹ́ rà á.

Ṣùgbọ́n ẹni bíni là á jọ. Orí kunkun Oyèrónkẹ́ kò kéré sí ti bàbá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá fẹ́ wá sílé, á kọ́kọ́ sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Mubaraq wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ̀ ní ibùdókọ̀ Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá délé.

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rédíò. Aṣọ funfun náà wà ní kíká lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rónkẹ́, o ò sọ pé ò ń bọ̀."

"Ẹ kúulé, Màámi. Mo fẹ́ yà yín lẹ́nu ni. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní bal..." Ìyá wo Mubaraq, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Mubaraq wo rédíò náà kí wọ́n tó dé."

Mubaraq dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ó sì rìn yí tábìlì náà ká. "Ó dára gan-an, Màmá. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ á lé sí i."

"Kò ṣiṣẹ́," ìyá dáhùn kíákíá. "Ó ti kú tipẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án, kí iná má gbé yín."

"Màámi, èyí tó ti kú, iná wo ló fẹ́ fi gbé èèyàn?"

Ìyá ní òun ń lọ bu omi tútù wá fún wọn, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan.

Mubaraq rí iná pupa kékeré tó ń tàn níwájú àpótí náà. Ó gbé ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sí, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tú u sílẹ̀.

Oyèrónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ta lẹ rò pé ó máa dá yín lóhùn?"

"Ìyá Rónkẹ́," ohùn Bàbá Àkànjí jáde ketekete láti inú rédíò náà, "ṣé ọmọ yẹn ti pè ni? Sọ fún un pé mo ṣì ń wẹ̀, jẹ́ kí n kọ ebè tó kù yìí tán ná."