Ilé Pẹtẹ́ẹ̀sì Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ka ìwé kan tán láìpe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi kà á ni mo gbọ́ ìtàn yìí. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Kápẹ́ńtà tó wá tún ilẹ̀kùn mi ṣe ló sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ṣe.

Bíríkìlà kan wà tó mọṣẹ́, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mi ò mọ̀." Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì tó o. Kí o tó la ẹnu tán, á ní, "Mo ti mọ̀." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́lé fún àwọn ẹlòmíràn, ògiri rẹ̀ kan kò fì rí.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwòrán ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà wá. Mo-ti-mọ̀ náà ra kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, wá ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mú irin tó fi ń wo bí ògiri ṣe gún, ó gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà.

"Ògiri yìí fì," ló wí.

"Bàbá, tábìlì yín ló fì."

Ọmọ náà nàka sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ wo àwọn àwòrán ojú kéékèèké yìí. Ògiri ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, àtẹ̀gùn ní tirẹ̀. Tí ẹ bá pa ojú nǹkan kan dé, nǹkan náà á sá pamọ́, kò sì ní jáde lórí bébà. Torí náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́..."

"Mo ti mọ̀."

Ilé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó rẹ̀ ti ń retí ilé yìí nínú yàrá tí wọ́n yá gbé. Orúnkún ń dun obìnrin náà, ohun kan ṣoṣo ló sì tọrọ. "Bàbá ọmọ mi, ẹ bá mi ṣe àtẹ̀gùn tó fẹ̀, tí kò ga, tó ní ibi tí màá máa dì mú."

Mo-ti-mọ̀ yà á bó ṣe fẹ́ ẹ gan-an, ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú irin ìdìmú. Ṣùgbọ́n ìlà àtẹ̀gùn pọ̀ débi pé kò rí ìlà yàrá mọ́, ló bá pa ojú àtẹ̀gùn dé. Kò rántí ṣí i mọ́. Nígbà tí àwòrán jáde lórí bébà, ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́lé? Kí n tó bí ẹ ni mo ti ń kọ́lé."

Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. "Láti òní lọ, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi orí ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó bá wà nínú bébà la ó kọ́."

Kápẹ́ńtà tó sọ ìtàn yìí fún mi wà lára wọn. Ó yí bébà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọ̀gá, mi ò rí àtẹ̀gùn o."

Mo-ti-mọ̀ wò ó. Òógùn bò ó. Àṣìṣe kì í ṣe ọ̀ràn, àìgbà ló ń sọ ọ́ di ọ̀ràn. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Ilé ìgbàlódé ni. Olè ò ní lè gòkè."

"Onílé ńkọ́?"

"Máa ṣiṣẹ́ ẹ."

Wọ́n da kọnkéré òkè náà gbalaja, wọn ò fi ihò kankan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, okùn ni wọ́n fi fa bẹ́ẹ̀dì gba ojú fèrèsé. Ìyàwó dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ibo ni mo máa gbà?"

"Ọ̀nà kan ò wọjà." Mo-ti-mọ̀ nàka sí àkàbà tó yá lọ́wọ́ kápẹ́ńtà.

"Bàbá ọmọ mi, èmi kì í ṣe ológbò."

Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàwó tẹ́ ẹní sí pálọ̀ nísàlẹ̀, ọkọ ń sùn lókè. Bí oúnjẹ bá jinná, ìyàwó á fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ á sì fi okùn fa agbọ̀n oúnjẹ gòkè.

Lọ́jọ́ kan, kápẹ́ńtà dúró nísàlẹ̀. "Ọ̀gá, mo níṣẹ́ níbòmíì, àkàbà mi yìí, mo fẹ́..."

"Mo ti mọ̀."

Kápẹ́ńtà gbé àkàbà rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀gá ilé ìwé kan wá, obìnrin tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé ìwé pẹtẹ́ẹ̀sì fún un. "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ká jọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa sọ ọ́ níbẹ̀, mò ń gbọ́."

Obìnrin náà yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé báyìí làwọn ọmọ ilé ìwé mi náà á ṣe máa gòkè?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ sọ pé ẹ gbàgbé," ni ìyàwó wí láti ìsàlẹ̀. "Màá ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lókè. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ ṣí ojú àtẹ̀gùn nínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sì fi sínú agbọ̀n oúnjẹ. Bàbá rí i. Àtẹ̀gùn tó fẹ̀, tí kò ga, pẹ̀lú irin ìdìmú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Mo gbàgbé."

"Mi ò gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo ní mo gbàgbé."

Kápẹ́ńtà gbé àkàbà padà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọ́ kọnkéré láti wá àyè fún àtẹ̀gùn, wọ́n gé irin tó gbé e ró, kọnkéré sì là láti ògiri dé ògiri. Gbogbo òkè náà ni wọ́n wó palẹ̀. Pálọ̀ ni tọkọtaya náà ń sùn títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tuntun, kó jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, bí irùngbọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ funfun. Kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn, ì báà jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bó bá ṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àṣìṣe náà ṣì jẹ́ ìlà orí bébà, kó má dúró dìgbà tó bá di kọnkéré. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ohun tó ṣòfò ni yàrá mẹ́rin, fèrèsé mẹ́jọ, ọgọ́fà àpò sìmẹ́ńtì, àti iṣẹ́ ilé ìwé kan. Mi ò ka àtẹ̀gùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́tàdínlógún mọ́ ọn, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí.