Ègé Kékeré Tí Kíámọ́sá Yọ

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ pè é, ẹ kà á sí i létí.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá, torí pé kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ sùúrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ara ẹ̀gbọ́n yìí kò gba abẹ́rẹ́ kan. Wọ́n gún un fún un rí, ọ̀fun rẹ̀ wú, díẹ̀ ló kù kó kú.

Ilé ìwòsàn ńlá ni Kíámọ́sá ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ mọ ohun tí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan kò gbà. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣe àṣìṣe, ojú kọ̀ǹpútà á pupa, á kọ ọ́ gàdàgbà pé: MÁ FÚN UN.

2.
Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Jáfà, èdè kan tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi kọ ètò inú kọ̀ǹpútà yẹn, kì í sì í ṣe odindi kan. Ègé-ègé ni, bíi búlọ́ọ̀kù ilé. Èyí gùn lé tọ̀hún, tọ̀hún fẹ̀yìn ti èyí. Pátákó kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí Kíámọ́sá fi ń ṣàkóso wọn: ibẹ̀ ló ti ń jí wọn, tó ń dá wọn dúró, tó sì ń yọ èyí tí kò bá fẹ́. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, àmì aláwọ̀ ewé á wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá wọn ní ètò náà ti wúwo jù, ẹni tó bá mú un fúyẹ́ lòun máa fi jẹ olórí ẹ̀ka. Kíámọ́sá rí ègé kékeré kan tó ti gbó, tí ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

"Ajẹmáṣiṣẹ́ lèyí," ló wí.

Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ na ọrùn wò ó. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó fẹ̀yìn tì í ná. Ẹ kàn máa tẹ ibẹ̀ yẹn ni."

"Àǹtí Má-ṣe-é, ṣé ẹ tún ti dé?"

Ó yọ ọ́.

3.
Kò sí ohun tó ṣe. Gbogbo àmì ṣì wà ní àwọ̀ ewé.

Ibi tí ẹ̀rù wà gan-an nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí wọ́n bá yọ ègé kan nínú irú ètò yìí, àwọn tó ti dì í mú kò ní jù ú sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá tún wọn so mọ́ra, tàbí tí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún tàn án. Òkú á ṣì máa dá alààyè lóhùn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tún wọn so lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹni tó máa ṣubú. Kíámọ́sá mọ̀. Àmọ́ àtúnso á dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, ọ̀gá á sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, nǹkan tí ẹ yọ ṣì ń dáhùn o. Mo ń rí i níbí."

"Iwin ni? Ẹ bi í bóyá ebi ń pa á."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi Kíámọ́sá jẹ olórí.

4.
Nígbà tó yá, wọ́n pa kọ̀ǹpútà ńlá náà láàárọ̀ ọjọ́ kan láti gbọn eruku inú rẹ̀, wọ́n sì tún un tàn. Òkú jáwọ́. Ègé tó ń kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì jí, ó fẹ̀yìn sẹ́yìn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Kò lè dìde. Àmì rẹ̀ di àwọ̀ eérú láàárín àìmọye àwọ̀ ewé.

Kíámọ́sá rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó rí i. Ó ní, "Tí mo bá jẹun tán."

Ọ̀sán yẹn gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn náà, ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀.

"Màmá, ṣé oògùn kankan wà tí ara yín kò gbà?" Nọ́ọ̀sì ló bi í.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wò ó nínú kọ̀ǹpútà yín. Àbúrò mi ló ń tọ́jú ẹ̀. Kì í gbàgbé mi."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Kò sí pupa níbẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ yẹn gan-an fún un.

Kí Kíámọ́sá tó jẹun tán, ẹ̀mí ti bọ́.

5.
Kò tíì gbọ́ nígbà tó padà sídìí pátákó. Ó dá ègé kékeré náà padà. Èyí tó fẹ̀yìn tì í dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún lẹ́yìn rẹ̀ wò. Ojú kọ̀ǹpútà pupa. MÁ FÚN UN. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, kí lèyí?"

Obìnrin náà gbé fóònù, ó pe àwọn nọ́ọ̀sì.

Kíámọ́sá kò ṣiṣẹ́ mọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó lè sún àga nílé rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ gbálẹ̀, á di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì: "Ta ló fẹ̀yìn tì í? Wò ó ná, ta ló fẹ̀yìn tì í?" Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí àga.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ bi ẹni tó wà nítòsí kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí kò sí ohun tó ṣe, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ dúró tì í títí ẹ ó fi mọ̀. Bí ẹ bá sì rí àmì tí kò dáa, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú ẹ̀rọ yẹn, ọmọ ẹnì kan ni, ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ni. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.