Iyọ̀ Lórí Yìnyín

Pá-pà-pá ni sílípáàsì Adémiládé máa ń dún nígbà èwe rẹ̀, tó bá ń sáré wá ṣílẹ̀kùn fún bàbá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Ìró yẹn ló wà létí bàbá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní December 2010, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí yìnyín ní Whalley Range, ní Manchester.

“Bàbá Adémiládé, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lónìí tí a ó kọjá níwájú ilé ọmọ yìí.”

“Ìsinmi la wá lò. À ń fẹsẹ̀ rìn wo ìlú ni.”

“Ṣé Manchester ò ní títì mìíràn ni? Ọ̀la la ń padà sílé o. Ẹ sáà pè é.”

Bàbá náà kàn ń rìn lọ. Lọ́jọ́ tí Adémiládé fẹ́ ọkọ tí òun kò fọwọ́ sí, ó ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ yọjú sí òun mọ́, àfi tí òun bá pè é. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn ṣalábàápàdé lójú títì, ta ló máa sọ pé òun ló pè é?

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọjá, díẹ̀ ló kù kí bàbá náà yọ̀ ṣubú. Nígbà kejì, ẹnìkan ti da iyọ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, kí yìnyín ibẹ̀ lè yọ́. Ní báyìí, iyọ̀ náà ti gba géètì wọlé, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni, kì í ṣe oríṣi tí kánsù ìlú máa ń dà sí títì.

“Kánsù wọn mà ń ṣiṣẹ́ o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá náà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí fóònù:

“Iyọ̀ náà ti tó. Wá ṣílẹ̀kùn.”