Inú Àwòrán Ọkàn Ṣínàayọ̀

Àjàdí kò lè dúró sójú kan. Òfin ilé ìwòsàn ní kí ẹbí aláìsàn wà níbẹ̀ bí dókítà bá ń fi àwòrán ara rẹ̀ dánra wò, kí iṣẹ́ abẹ gan-an tó wáyé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi awò tó ń gbé àwòrán náà jáde bò ó lójú, ọkàn Ṣínàayọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì yọ sí i, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń lù kì-kì-kì.

Dókítà Ọmọ́sàlẹ́wá fẹ́ dí ihò inú rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ṣe kan iṣan kan báyìí, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ọkàn náà dákẹ́.

“Àwòrán lásán ni, Bàbá,” ni dókítà wí. “Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wò.”

Ó gba ẹ̀yìn, ó dí ihò náà, ọkàn ń lù lọ. Síbẹ̀, ara Àjàdí kò balẹ̀.

Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ṣínàayọ̀ bi í pé, “Bàbá Ìbídùn, ṣé mo là á já?”

Ó fẹ́ purọ́, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. “O kọ́kọ́ kú lójú mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà rí ọ̀nà mìíràn, o sì yè.”

“Ṣé ẹ sunkún?”

“Mo sunkún.”

Ṣínàayọ̀ fà á lọ́wọ́. “Ẹkún tèmi lẹ ti sun tán yẹn. Ẹ jókòó, ẹ ti rìn jù.”

Àjàdí jókòó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tún dìde.