Irinṣẹ́ Dàwódù

Inú àpò aṣọ kékeré kan ni irinṣẹ́ náà wà nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá Dàwódù dúró ní oríta Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ibi iṣẹ́. Wọ́n tú àpò náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn: àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ra wọn, búrọ́ọ̀ṣì onírun wáyà, ìgò òróró tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, àti irin pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó.

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe?" ni ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Job bi í.

"Wọ́n fi ń tú ìbọn ni. Wọ́n fi ń fọ̀ ọ́."

Ó ṣàlàyé pé òun ti ṣe ṣọ́jà rí, pé ìbọn títúnṣe ni iṣẹ́ òun ní bárékè, àti pé ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan l'Ágége lòun wà báyìí. Irin ṣóńṣó yẹn nìkan ló ń ti píìnì inú ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ àwọn jáde láì bà á jẹ́.

Job rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání, ẹ wá ní ẹ ò ní eyín. Ìbọn dà?"

"Mi ò ní ìbọn."

Àtìmọ́lé ló sùn. Wọ́n tú yàrá rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá wò, wọ́n tú mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n da ìrẹsì ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sàídátù ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá sí tésàn. Ọ̀gá tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, Ọláwọlé, kà á tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí ibi iṣẹ́ bá gbọ́ pé ó wà níbí, wọ́n á lé e. Ẹ dá a sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ dìde, Ìyá. Èmi náà ti rí i pé ṣọ́jà ni wọ́n. Ẹ lọ gbé oúnjẹ kaná. Ọ̀rọ̀ yìí á parí lónìí."

Bí ó ti lọ tán, Ọláwọlé ní kí wọ́n tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Dàwódù. Ó fún un ní tíì àti búrẹ́dì.

"Ẹ má bínú sí wa, Bàbá Ṣọ́jà. Àwọn adigunjalè tó ṣọṣẹ́ ní GRA yìí, Aláúsá ò jẹ́ ká sinmi lórí wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè."

"Mo gbọ́ nípa wọn."

"Ohun kan ló kù. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ìwé lóde òní. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín ká rí i, ká fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ yín, ó parí."

Job gbé àpò ìrẹsì kan wọlé. Ó di ìdí rẹ̀ mú, ó da ìbọn kan jáde sórí tábìlì. Ìbọn náà ti dípẹtà. Wọ́n ti ha ibi tí nọ́ńbà máa ń wà.

"Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?" ni Dàwódù bèèrè.

"Ó ti pẹ́ ni," ni Ọláwọlé fèsì. "Kò yìn mọ́ kí wọ́n tó gbé mi wá síbí."

Dàwódù ṣe bísímílà. Ó fi irin ṣóńṣó ti àwọn píìnì jáde, ó tú ìbọn náà palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó so àwọn ọ̀pá pọ̀, ó fi aṣọ sí orí wọn, ó ń tì í gba inú ọ̀pá ìbọn títí aṣọ fi ń jáde ní funfun.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá kì í fọ nǹkan yín ni?"

"Ẹ̀yin ṣọ́jà lẹ ń fọ̀ ọ́," ni Job wí. "Àwa ń lò ó ni."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tò ó padà tán, tó fà á, ó dún kà. Ọláwọlé pàtẹ́wọ́. Ó yọ fóònù jáde.

"Ẹ gbé e dání dáadáa, Bàbá, kí Àbújá rí yín."

Dàwódù di bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ó gbé ìbọn sí ọwọ́ ọ̀tún, ó mú irin ṣóńṣó sí òsì. Ọláwọlé sún mọ́ ọn, ó yí fóònù díẹ̀ sí apá ọwọ́ tí ìbọn wà.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni."

Ọláwọlé fi àgbọ̀n júwe irin ọwọ́ òsì. "Ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó?"

"Ó lé lógún ọdún. Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Ó tó."

Job ya ẹnu àpò ìrẹsì sílẹ̀, Dàwódù fúnra rẹ̀ sì ki ìbọn náà bọ̀ ọ́.

"Ṣé mo lè máa lọ?"

"Ẹ fara balẹ̀, ká gbọ́ láti òkè. Ẹ pe Ìyá."

Wọ́n yá a ní fóònù. Ó sọ fún Sàídátù pé ọkàn òun ti balẹ̀, pé ọmọlúàbí ni ọ̀gá náà, kó se ẹ̀wà.

Sàídátù ń bu ẹ̀wà náà sínú abọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí Fàúsát aládùúgbò wọn wọlé, kò kí i, ó kàn na fóònù sí i, níbi tí Dàwódù ti dúró lábẹ́ àkọlé pupa kan, "Ọwọ́ Tẹ Ẹni Tó Ń Kó Ìbọn fún Adigunjalè GRA", tí ìbọn dídán kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé, "Èmi ni mo ni ín. Ó lé lógún ọdún. Kò já mi kulẹ̀ rí."