Orúkọ Tí Nímọ́tà Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó dunni jù wà.

1.

Ọdún méjìlá ni Nímọ́tà ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, ní ọsibítù ńlá kan ní Atlanta. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Aláìsàn tí àwọn mìíràn ti gún lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò rí iṣan rẹ̀, Nímọ́tà á kàn fi ìka tẹ apá onítọ̀hún, abẹ́rẹ́ á sì wọlé. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń ro ó. Bó bá délé ní Stockbridge lẹ́yìn shift wákàtí méjìlá, á kọ́kọ́ jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè sọ̀kalẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: ipò olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ ọ̀sán ni, Monday títí dé Friday, kò sì sí pé èèyàn ń dúró látàárọ̀ dalẹ́.

Joanna, ọ̀gá wọ́ọ̀dù náà, pè é. "Nimota, ìwọ ni mo ní lọ́kàn. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kíndìnrín nìkan ló kù."

Ọsibítù yẹn ò fi ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ṣeré. Àwọn ló ń san owó ìdánwò. Gbogbo ọ̀sán Tuesday ni àwọn tó fẹ́ ṣe é ń jókòó kàwé pọ̀. Wọ́n ń fúnni ní ọjọ́ méjì láti sinmi kí ìdánwò tó dé, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, wọ́n á tún san ti ẹ̀ẹ̀kejì. Kéèyàn ṣáà ti kọ orúkọ sára bébà tó wà lára ògiri yàrá ìjẹun. Wọ́n fi báńdéèjì so bírò kan mọ́ ibẹ̀. Joanna tilẹ̀ ti fi pẹ́ńsù kọ "Nimota" sí ìlà àkọ́kọ́.

2.

Nígbà tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀, Nímọ́tà fi írésà pa á rẹ́. Ó fẹ́ èérún rẹ̀ dànù, ó sì fi apá aṣọ nu ojú ibẹ̀.

Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ Hajarah ni. Hajarah yìí, nọ́ọ̀sì ni ní wọ́ọ̀dù kan náà, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n sì ń lọ; Nímọ́tà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Lọ́dún tó kọjá, ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó sì ní kí gbogbo mọ́ṣáláṣí bá òun ṣàdúà. Ó fìdí rẹmi. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi oúnjẹ ìṣínu ààwẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí? Nímọ́tà ni.

"Ẹ ò tíì gbọ́? Ọmọ yẹn ò pàsì o! Gbogbo àdúà wa yẹn dà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Hajarah wà lẹ́yìn wọn, ó ń pín omi. Ó gbọ́. Nímọ́tà sì rí i pé ó gbọ́.

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló wá ń dẹ́rù ba Nímọ́tà.

"Aunty mi, orúkọ yín ò sí lára bébà mọ́," ni Hajarah wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ kàwé. Èmi náà ń padà lọ ṣe ìdánwò yẹn."

"Èmi àti ta? Ìwọ tí mo kọ́ ní abẹ́rẹ́?"

"Ẹ má bínú, ma. Mo ṣáà ní kí n sọ ọ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Tí mo bá ṣe é tán, wọ́n á gbọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó fi nǹkan pamọ́ títí yóò fi yanjú, nítorí ojú ayé.

3.

Nímọ́tà ra ìwé tí wọ́n ń kà fún ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ó fi bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn bò ó, ó sì tì í sábẹ́ ìjókòó mọ́tò. Saubana, ọkọ rẹ̀, rí i lọ́jọ́ tó ń tún mọ́tò ṣe.

"Ìwé wo ni wọ́n wọ̀ láṣọ ọdún báyìí?"

"Ìwé ibi iṣẹ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀, jàre."

Kódà, kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Kò lè gba ọjọ́ ìsinmi, torí wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Shift mẹ́ta ló ṣe léra kó tó wakọ̀ lọ sí Suwanee lọ ṣe ìdánwò. Oorun ń kùn ún. Ó ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yé e. Máàkì díẹ̀ ni kò jẹ́ kó pàsì. Ìbéèrè tó sì dà á rú jù, àwọn ará Tuesday ti kà á ní àkàtúnkà, tí òun ń gba iwájú ilẹ̀kùn wọn kọjá, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ó sunkún nínú mọ́tò. Ó nu ojú, ó relé, ó se ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

4.

Hajarah pàsì lóṣù Kẹwàá. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Joanna pe Nímọ́tà sí ọ́fíìsì.

"Mi ò tíì fẹ́ fún ẹlòmíràn. Sọ fún mi, ṣé o tiẹ̀ ti gbìyànjú ìdánwò yẹn rí?"

Nímọ́tà ń wo okùn bàtà ara rẹ̀. "Rárá. Mi ò ráyè."

Joanna mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí. Ẹni tó bá ti ṣe é tó fìdí rẹmi, mo lè gbé e sípò, kí n fún un ní oṣù mẹ́fà láti tún un ṣe. Ẹni tí kò gbìyànjú rárá ni mi ò lè ràn lọ́wọ́."

Ìwé èsì náà wà nínú báàgì tó gbé lé itan, ó ká a sí mẹ́rin. Nímọ́tà la ẹnu. Ó rántí oúnjẹ ìṣínu. Ó pa ẹnu dé.

"Mo gbọ́," ló sọ.

Hajarah ni wọ́n fún. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó kó àwọn nọ́ọ̀sì tuntun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nímọ́tà. "Aunty mi yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka wá iṣan. Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa."

Abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúnkún ń ro ó.

Nígbà tó lọ jẹun, bébà àtijọ́ ṣì wà lára ògiri. Gbogbo ìlà ló ti kún, àfi ìlà àkọ́kọ́ tí àmì írésà ṣì hàn lára rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má kọ nǹkan síbẹ̀," Hajarah sọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa padà wá, ma."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ má fi ẹni tó fìdí rẹmi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀rín yẹn ló máa dí yín lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá kàn yín. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní àwọn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà á ní gbangba. Ìdánwò kọ́ ló gba ipò yẹn lọ́wọ́ Nímọ́tà. Ó fi ọ̀rọ̀ ìdánwò náà pamọ́ títí ipò yẹn fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bírò yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì tí wọ́n fi so ó. Ẹ kọ orúkọ yín.